Àwọn Ọkọ Mi Tí Ìjọba Ní Wọn Ò Sí Láyé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mi ò tíì rí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ já geere ní Ìdànrè. Kọ́ńpíláyánsì ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Odode. Ìyálé mi gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n rẹ̀ kọ́ lọ́nà, ó ní kí n kúkú ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe gan-an fún òun. Mo ní bí aláìsàn bá mú káàdì ìnṣọ́ránsì ìlera wá, èmi ni mo máa wò ó bóyá òun ló ni káàdì. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ pé òun gún un ní abẹ́rẹ́, èmi ni mo máa lọ bi aláìsàn bóyá abẹ́rẹ́ wọ ara rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí a bá máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì ní Àkúrẹ́ pé a ṣe, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé a ṣe é. Ìyálé mi ronú díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n ń sanwó fún ẹ kí o lè máa bi èèyàn pé ṣé òótọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo agboolé ti ń pè mí ní Ìyàwó Ṣé-Òótọ́-Ni.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó. Ibo lèèyàn tún ti fẹ́ rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin alágbàṣe kan wọlé lọ́jọ́ kan, àlejò tó wá ń bá wọn ro oko kòkó, àdá ti bù ú lẹ́sẹ̀. Ó na káàdì sí mi. Mo wò ó, káàdì ìyàwó rẹ̀ ni, obìnrin tó ń gba ìtọ́jú aboyún lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Ẹ kú ìnira o. Oṣù mélòó ni oyún yín?" Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, màdáàmù, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò mí bóyá mo ti dákú. A ran ẹsẹ̀ náà, mo gba káàdì lọ́wọ́ ẹ̀ kí n lè dá a padà fún ẹni tó lóyún, mo sì forúkọ òun náà sílẹ̀ kó tó lọ.

Ẹ ó rí i pé mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù ilé ẹjọ́. Ìyàwó ilé ni mí, ará Ìwó tí ọkọ gbé wá sí Ìdànrè, ìyàwó kì í sì í la orúkọ ará ilé ọkọ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí kí n tó dé, ọkọ mi ni, ì báà jẹ́ pé ikun ń ṣàn nímú ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Mo gbọ́dọ̀ wá orúkọ tó dùn fún un. Ìyálé mi, ìyàwó tó ṣáájú gbogbo wa dé agboolé yìí, ti sọ wọ́n lórúkọ tán kó tó kàn mí, tiẹ̀ ni mo kàn ń gbà pè.

Wàhálà irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé kì í bá ẹni tó ń jẹ́ ẹ dàgbà. Eyínfúnjowó ò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́, bí yóò bá jẹ iṣu, àfi ká gún un. Adúmáadán ti fi ìpara bó títí ó fi pupa ju èmi lọ. Akọ̀wé sá nílé ìwé kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, oko kòkó ló sì wà títí dòní. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Ẹni tó yẹ kó tín-ín-rín bí orúkọ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ yàrá, òun fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, bí atẹ́gùn bá ti orí àpáta fẹ́ wá, ìyálé mi a sáré dì í mú.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ààyò ìyálé mi, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó fún ẹ̀gbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ kékeré lèyí jẹ́, ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun ló sì sùn sí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọlọ́run ò fún ìyálé mi lọ́mọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ, ìyá ọkọ ti lọ. Kò sí ọmọ tí wọn ì bá fi pè é ní ìyá lágbájá, nítorí náà, Ìyàwó ni gbogbo àwọn ọkọ ń pè é, Ìyálé ni àwa ìyàwó ń pè é, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa. Gbogbo rẹ̀ tó fún un, tàbí bẹ́ẹ̀ ni àwa rò.

Ní ọdún tí ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba dé ọ̀dọ̀ wa, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn tó wá ń forúkọ sílẹ̀ pa tábìlì sí. Àsìkò ìkórè kòkó ni. Gbogbo agboolé wa ti re oko, èmi sì wà ní Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ mi níṣẹ́. Ìyálé mi nìkan ló wà nílé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó tò sórí ìlà láti fi orúkọ gbogbo ilé sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa pè wọ́n. Ó sì ń pè wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Akọ̀wé. Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́ ní tirẹ̀, ó ń fi orúkọ ìdílé wa kún un lẹ́yìn. Nígbà tó bi òun náà léèrè orúkọ tirẹ̀, ìyálé mi ní, "Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí." Ọmọ náà tẹ Ìyàwó.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ti kú, àwọn ń padà bọ̀ wá yà wá. A retí wọn títí. Káàdì ló kọ́kọ́ dé, láìní ojú. Ẹ óò ní ṣé èmi Ṣé-Òótọ́-Ni ò rí i ni. Mo rí i, kò sì jọ mí lójú rárá. Bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá mú káàdì wá tí wọ́n kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí, kí ni mo tún fẹ́ bi í? Mi ò mọ̀ ọ́n lórúkọ mìíràn.

Ìpá ló ń da Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láàmú. Ó ti ń gbé e kiri tipẹ́, ó ń fi sùtánà bò ó mọ́lẹ̀, ó ní àdúrà ló ń lò fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìrora ti yàtọ̀. Ọkọ mi, ẹni tó fẹ́ mi gan-an, àti Akọ̀wé fi takisí gbé e dé ilé ìwòsàn, ìgò omi àdúrà wà lábíyá rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Dókítà wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, fọwọ́ kan ibẹ̀, ó sì fa mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ìfun ti há síbẹ̀. Ó ní bí ìfun náà bá há síbẹ̀ di ọ̀la, ó lè kú, bó bá sì kú, ẹni tó ni ín á bá a lọ. Orí bá wa ṣe é, ọjọ́ náà gan-an ni dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń ti Àkúrẹ́ wá. Kì í pẹ́ kó tó padà, nítorí àwọn mìíràn ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, kóòdù. Kí a tó lè fi abẹ kan ẹni tó ní káàdì, àwọn tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ní Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, mo jókòó ti fóònù. Kóòdù ò dé. Àwọn fúnra wọn ló dé.

Méjì ni wọ́n, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àti ọkùnrin kan tó gbé àgádágodo lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ wo àgádágodo náà dáadáa, nítorí èmi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Ó tóbi. Òun ni wọ́n ń fi ti tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n bá rí màgòmágó níbẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà níbòmíràn tó ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò sí láyé, wọ́n ń gba owó lórí wọn, nítorí náà àwọn ará Àkúrẹ́ ti là lójú, wọ́n ń wá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gósì, kiri gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n wá rí agboolé kan ní Ìdànrè tí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bí ẹni tí wọ́n ń kì. Ta ni wọ́n fẹ́ fura sí bí kò ṣe wa?

Agboolé wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà láàárọ̀ náà, bí ọkọ mi ṣe gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde tán, tí ìyálé mi sì ti sáré lọ gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ará ilé ṣe dáhùn fún yín, nítorí pé títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rántí rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín á gbé mi títí ọlọ́kadà á fi bi mí pé ṣé kò sí. Bí àlejò tó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn bá wọlé ní Ìdànrè tó ń béèrè èèyàn, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kò sí nílé. Wọ́n béèrè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ní ó rìnrìn-àjò. Wọ́n béèrè Adúmáadán, Adúmáadán fúnra rẹ̀, pupa bí ó ṣe wà, ní òun ò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Eyínfúnjowó ló wá bà á jẹ́ tán pátápátá. Ẹ̀rù bà á débi pé nígbà tí wọ́n béèrè òun fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Eyínfúnjowó? Ó ti kú o. Ó ti pẹ́."

Èèyàn tó ti kú tipẹ́, a sì tọ́jú ibà rẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú.

Nítorí náà ni ọkùnrin alágádágodo ṣe wọ ilé ìwòsàn wa bí ẹni tó ti bórí. Ó ka orúkọ àwọn ọkọ mi sétígbọ̀ọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti gbé mi. Ó ní, "Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n lẹ fi ń rẹ́rìn-ín." Mo ní kí ó má bínú, mo ṣàlàyé látòkèdélẹ̀: ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, ìyálé mi ló forúkọ sílẹ̀, orúkọ àdàpè ni. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi náà ìyàwó ilé náà ni. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ káàdì, ilé ọkọ yín ni àwọn gósì yìí ń gbé?" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi wàyí. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, èmi náà ì bá ti ara mi mọ́lé.

Dókítà dá sí i. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn gé ìpá náà ná, ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lè kú. Alágádágodo ní òun ò fẹ́ kí ó kú, ṣùgbọ́n bí a bá fi káàdì ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun la tún dá lójú òun. Ó ní kí a gbé e lọ Àkúrẹ́. Dókítà ní lójú ọ̀nà báyìí, pẹ̀lú ìfun tó há, àti káàdì tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé? Oníṣẹ́ abẹ ti fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó nà án sókè lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ó ń wo aago ara ògiri.

Ọ̀gá obìnrin, tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní ọ̀rọ̀ ò le, ẹ jẹ́ ká bi aláìsàn. Ó tọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ara á le. Kí lorúkọ yín?" Ọkọ mi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, aládùúrà tí kì í purọ́, fi ìrora gbé orí sókè, ó sì la orúkọ rẹ̀ fún un: èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, àti orúkọ ìdílé. Ó pè é tán, ó ṣàmín sí i. Alágádágodo pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kọ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Mo fẹ́ bú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́ sunkún. Olóòótọ́ èèyàn fi òótọ́ ti ara ẹ̀ mọ́ ìta. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pè é. Orúkọ àdàpè kì í ṣe ohun tí ẹni tó ni ín ń sọ, ohun tó ń dáhùn ni." Alágádágodo ní bí òun bá pè é báyìí, yóò dáhùn, ó kúkú ti gbọ́ ohun tí àwọn ń wá. Òótọ́ ni, mo mọ̀. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi náà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni kó pè é, kò mọ ohun tó ń lọ níbí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ò sì ní mọ̀ pé a fẹ́ pè é, nítorí nọ́ọ̀sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, oorun ti ń gbé e lọ.

Ọ̀gá obìnrin gba fóònù mi, kí n má baà ta ẹnikẹ́ni lólobó. Òun ló tẹ nọ́ńbà ìyálé mi, òun ló sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa gbọ́. Ìyálé mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Ó gbà pé bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà tó ni kí a pariwo tó, àwa a sì máa bú u pé wọ́n ń gbóhùn rẹ̀ ní Òkè Ìdànrè, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń gbé mọ́. Ọ̀gá kí i. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́." Ìyálé mi ní, "Ṣé inú ẹ̀rọ yìí ni kí n ti pè é?" Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyálé mi ò béèrè ìdí. Ó fa èémí, a gbọ́ bó ṣe fà á.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o! Ọkọ mi àárọ̀!"

Ọkùnrin tó ti ń sùn lọ, tí nọ́ọ̀sì ń pè tí kò jẹ́, jí gìrì. Ó ní, "Ìyàwó mi o! Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìpá, pẹ̀lú ìgò omi àdúrà, ó fẹ́ lọ jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nípè. Àwa mẹ́rin la dì í mú. Oníṣẹ́ abẹ tó ti fọ ọwọ́ gbàgbé ara rẹ̀, ó dì í mú, ó di kó tún lọ fọwọ́. Ọ̀gá obìnrin fara ti ògiri, ó bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé inú ń bí i ni, àfìgbà tó ṣíwọ́ lójú. Ẹ̀rín ti pa á tán. Ó ní òun náà ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ní ilé ọkọ òun, ó kàn jẹ́ pé tòun ò sanra tó báyìí.

Alágádágodo ò rẹ́rìn-ín. Ní tòótọ́ ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ Ṣé-Òótọ́-Ni kọ́ ni yóò bú u fún ìyẹn. Ó ní kí màmá pe àwọn tó kù. Ìyálé mi jáde sí àárín agboolé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń pè wọ́n, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ò sí níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún nínú fóònù ló ní "Ìyàwó", ó sì nàró bí ọmọ iléèwé. Adúmáadán jẹ́. Ó wá kan Eyínfúnjowó. Ó pè é, kò jẹ́. Ìyálé mi tún pè é, ó ní, "Eyínfúnjowó, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń bínú sí mi?" Ohùn kan dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, ohùn ẹni tí kò ní eyín, ó ní, "Ìyàwó, mi ò bínú. Ṣé àwọn tó wá láàárọ̀ ti lọ? Mo sọ fún wọn pé mo ti kú." Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, títí kan àwọn aláìsàn tó jókòó tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá ti ń wá nọ́ńbà Àkúrẹ́ láti béèrè kóòdù nígbà tí alágádágodo gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ó ku ẹyọ kan. Nínú gbogbo wọn, òun ló tiẹ̀ burú jù, nítorí kì í ṣe orúkọ rárá. "Ìyàwó. Ta ni Ìyàwó?" Ìyálé mi gbọ́ ọ nínú fóònù, ó ní, "Èmi ni." Alágádágodo ní, "Màmá, gbogbo obìnrin ni ìyàwó. Orúkọ yín là ń béèrè."

Fóònù dákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mo wo Akọ̀wé, Akọ̀wé wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó dáa, èmi á sọ ọ́, ọ̀ràn ẹ̀mí nìyí, kí àṣà forí jì mí. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ obìnrin náà. Mo ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wẹ gbogbo ọmọ mi, mo ń bi gbogbo ayé pé ṣé òótọ́ ni, mi ò bi í rí pé kí ni wọ́n ń pè é nílé bàbá rẹ̀. Ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ilé, bá a nílé ni, òun náà ò mọ̀. Akọ̀wé ò mọ̀. Ojú tì mí.

Ìyálé mi sọ̀rọ̀ nígbà tó yá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é. Ó ń ṣe mí bákan láti fi ẹnu ara mi pè é." Alágádágodo fúnra rẹ̀ sọ àgádágodo kalẹ̀ sórí àga.

Ìgbà náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ojú. Ìrora ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ha, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, "Ìyá mi bi í léèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Mo dúró nídìí ìró ìyá mi. Mo gbọ́ ọ." Ó wá pe orúkọ náà, odindi, sínú fóònù.

Ìyálé mi ò pariwo padà. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ tó ní, "Ẹ̀n?" wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé ṣe máa ń jẹ́. Ó tún ní, "Ẹ̀n, èmi rèé."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀gá gba kóòdù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà wọlé, ilẹ̀kùn tíátà ti pa dé láti inú, kò sì sí àgádágodo lára rẹ̀. Ọ̀gá sọ fún Dókítà pé àwọn tiwọn ló tẹ ohun tí kò yẹ, àwọn ni yóò padà wá tún un ṣe, pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Ẹnu mi ló yá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà wá lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyálé mi gun ọ̀kadà wá wò ó, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná sínú kúlà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lè jókòó díẹ̀, ojú rẹ̀ ti mọ́, ikùn rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìyàwó mi."

Ìyálé mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kúlà rẹ̀, kò wọlé. Ó ní, "Ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe pè mí lánàá."

Ó sì tún pè é. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ti mọ orúkọ náà báyìí, ó sì dùn lẹ́nu. Àmọ́ ìyálé mi ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí.